Òkúǹbete Tí Wọ́n Tọrọ fún Sàrá

Ọkùnrin kan tọrọ òkú màlúù lọ́wọ́ ọkùnrin mìíràn. Ó ní sàrá lòun fẹ́ fi ṣe fún àwọn igún. Wọ́n fún un. Ó da májèlé sínú òkú màlúù náà, igún mẹ́tàlélógójì jẹ ẹ́, gbogbo wọn sì kú. Ó gé orí wọn, ó kó o lọ tà. Ẹni tó fún un ní màlúù ni ìlú dá lẹ́bi.

Ẹ̀yin jàmáà, ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ tán kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó síbẹ̀ kó máa retí pé igún kan ṣì máa dìde. Wọn ò dìde.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó dá ẹyẹ tí ojú wa fẹ́ràn, tó sì dá èyí tí ojú wa ò fẹ́ràn, tó wá pèsè arísìkí fún méjèèjì láì béèrè lọ́wọ́ wa. Kí ìkẹ́ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa, ẹni tó kọ́ wa pé ẹranko náà ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn wa. Ọ̀rọ̀ àmáánà ni wáàsí wa. Bí ẹnìkan bá fi nǹkan lé ọ lọ́wọ́ nítorí pé o dárúkọ Ọlọ́hun fún un, kí ni ìwọ yóò fi nǹkan náà ṣe? Ibẹ̀ la wà. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó kàn yín. Ẹ̀yin ọlọ́kadà tẹ́ ẹ jókòó sórí ọ̀kadà yín lẹ́nu géètì, tẹ́ ẹ ní èrò lẹ̀ ń dúró dè, ó kàn yín. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì yẹn kí ẹ gbọ́ mi. N kò ní pariwo lónìí.

N kò ní dárúkọ ìlú náà, nítorí àwọn ọmọ ibẹ̀ wà láàárín wa. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ó ní odò ẹran ńlá kan, ibi ìpẹran wọn, níbi tí àwọn tírélà tó ń kó màlúù bọ̀ láti òkè Ọya ti máa ń já ẹrù wọn. Alápatà pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń dúńbú ẹran fún gbogbo wọn. Ọwọ́ Bàbá Jìnádù ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe é. Tí wọ́n bá da màlúù dé, yóò dojú rẹ̀ kọ gábàsì, yóò ṣe bìsìmílà, yóò sì fi ọ̀bẹ mú ṣáṣá parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kì í jẹ́ kí màlúù kan máa wo èkejì bó ti ń kú. Àwọn alápatà máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń bo ojú màlúù bí ẹni ń bo ojú ìyàwó.

Ẹ mọ̀ pé màlúù tó bá rin ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, òmíràn a máa kú sínú tírélà. Ẹran tó kú kí ọ̀bẹ tó kàn án, òkúǹbete ni. Hárámù ni. Gbogbo wa la mọ ìyẹn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Màlúù tí alápatà ti sanwó rẹ̀, tó wá kú nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ọkọ̀ dé ẹnu géètì, tí ara rẹ̀ kò tíì tutù, bí wọ́n bá sáré fi ọ̀bẹ fa ọrùn rẹ̀ ya, ta ni yóò mọ̀ nínú yín? Ẹ̀yin ìyá tó ń ra ẹran, ṣé ẹ máa mọ̀? Ẹ ò ní mọ̀. Bàbá Jìnádù ló ń mọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ òkú kì í tú jáde bíi ti alààyè. Nítorí náà, bí tírélà bá ti dúró, òun ló ń kọ́kọ́ gun orí rẹ̀. Èyí tó bá ti kú, yóò so àkísà pupa mọ́ ìwo rẹ̀. Bí àkísà pupa bá ti wà lórí ìwo màlúù, ó parí. Ẹni tó ni ín lè wà lórí ìdúró kó máa ṣépè, kò ní yí i padà. Wọn yóò wọ́ ọ lọ sórí àpáta kan lẹ́yìn odò ẹran, àwọn igún yóò sì bà lé e. Kí wọ́n tó pe ìrun àìlà, egungun ló máa ń kù. Kò ní sí òórùn. Kò ní sí eṣinṣin. Àwọn alápatà ń pè é ní ìpín igún.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbi yìí. Ohun tó mú kí ó rọrùn fún àwọn alápatà láti gbà pé àwọn pàdánù màlúù ni pé ibì kan wà tí wọ́n lè gbé e sí. Igún ni kò jẹ́ kí ìlú yẹn jẹ òkúǹbete. Mo mọ̀ pé ẹ kò gbọ́ irú rẹ̀ nínú wáàsí rí.

Alájì Bádírù ni orúkọ ẹnìkejì. Lékuléja ni: egbò, èèpo igi, awọ ejò, orí ẹyẹ, gbogbo rẹ̀ ló wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn kékeré. Òun ló ra gbohùngbohùn fún mọ́sáláṣí, òun ló sì ń kan òrùlé tuntun sí i lọ́wọ́. Àwọn oníbàárà rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn ń béèrè orí igún, ìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe àwọn oògùn tí ẹ̀yin náà mọ̀, tí ẹ ó wí pé ẹ kò mọ̀. Ṣùgbọ́n igún ti tán ní àwọn ìlú tó yí i ká.

Ẹ jẹ́ ká wò ó láàárín ara wa níbí. Ta ló fojú ara rẹ̀ rí igún lọ́dún yìí? Ẹ na ọwọ́ yín sókè.

Ọwọ́ méjì. Bàbá, ẹ gbé tiyín wálẹ̀, ẹyẹ tó gbé òròmọdìẹ yín lọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, àwòdì ni. Ó ku ọwọ́ kan.

Àwọn bàbá wa tó jókòó níwájú yìí lè jẹ́rìí pé nígbà èwe wọn, igún máa ń kún orí igi àràbà títí ẹ̀ka yóò fi tẹ̀. Àwọn tó ń ka iye ẹyẹ ní ayé sọ pé irú igún tiwa yìí wà lára àwọn tó fẹ́ẹ̀ parẹ́ pátápátá lórí ilẹ̀, àti pé májèlé ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Òfin ìjọba sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á. Ẹyin kan ṣoṣo ni abo rẹ̀ ń yé lọ́dún, ọmọ náà sì lè kú. Ẹ bá mi rò ó. Mẹ́tàlélógójì ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Alájì Bádírù wá sí odò ẹran. Màlúù kan ti kú nínú tírélà, àkísà pupa ti wà lórí ìwo rẹ̀. Alájì kí gbogbo ènìyàn, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Bàbá Jìnádù nítorí àgbà ni.

Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo lálàá kan. Wọ́n ní kí n fi ẹran ṣe sàrá fún ohun tó ń fò, lẹ́bàá omi. Ẹ fún mi ní èyí kí n gbé e lọ sí etí odò fún àwọn igún.”

Bàbá Jìnádù ní, “Sàrá òkúǹbete kẹ̀, Alájì?”

“Igún ló máa jẹ ẹ́, Bàbá. Ṣé igún ń béèrè ẹni tó dúńbú ẹran ni?”

Àwọn alápatà rẹ́rìn-ín. Bàbá Jìnádù náà rẹ́rìn-ín. Ó bá a gbé màlúù náà sínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó gbé wá, ó fi okùn so ó kó má baà bọ́. Lẹ́yìn náà ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ní kí Ọlọ́hun gbà á ní sàrá, kó fi ṣe ìdáàbòbò fún Alájì àti ará ilé rẹ̀. Alájì ṣe àmín.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró síbi àmín yẹn. Májèlé ti wà nínú ọkọ̀ nígbà tó ń ṣe é. Ó wà nínú kẹ́ẹ̀gì lábẹ́ ìjókòó; Bàbá Jìnádù rí kẹ́ẹ̀gì náà nígbà tó ń so okùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ létí odò rí wọn. Igún wà lórí koríko, igún wà nínú omi, igún wà lórí ara wọn. Wọn kò ní orí. Màlúù náà wà láàárín wọn, inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, àkísà pupa sì wà lórí ìwo rẹ̀.

Ta ni gbogbo ìlú mọ̀ tó máa ń so àkísà pupa?

Láàárọ̀, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé Bàbá Jìnádù fi májèlé pa igún. Nígbà tó fi di ìrun alàásárì, ó ti di pé Bàbá Jìnádù fi májèlé sí ẹran. Lọ́jọ́ kejì, ẹran tó dúńbú kò tà. Àwọn obìnrin á na ọwọ́ sí ẹran lórí tábìlì, wọ́n á béèrè pé ta ló dúńbú rẹ̀, wọ́n á sì ká ọwọ́ kúrò. Ìyá kan tó ti ń ra ẹran níbẹ̀ láti ìgbà tó ti fẹ́ ọkọ ní òun ò sọ pé ó ṣe é o, òun kàn ní ọmọ nílé ni. Àwọn olórí alápatà pe Bàbá Jìnádù, wọ́n ní kó lọ sinmi díẹ̀, wọ́n sì fi Múfútáù sípò rẹ̀. Ọmọ tí Bàbá Jìnádù fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀bẹ mú ni Múfútáù.

Ẹnu Bàbá Jìnádù ni mo ti gbọ́ ìtàn yìí. Mo bi í pé báwo ló ṣe rí lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní kò rí bákan. Ó ní òun lọ sí etí odò, òun ka àwọn ẹyẹ náà lẹ́ẹ̀mejì, òun wálé, òun jẹ ẹ̀kọ, òun kò mọ̀ bóyá ó gbóná tàbí ó tutù. Nígbà tí òun ṣe àlùwàlá, òun rí omi lórí ọwọ́ òun, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà dà bí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó sọ fún mi bí ẹni ń sọ iye ìbùsọ̀ tó wà láàárín ìlú méjì.

Ó mọ ẹni tó gbé màlúù náà lọ. Àwọn alápatà tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó lanu nínú wọn. Ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀? Alájì ni Alájì. Bàbá Jìnádù náà kò dárúkọ rẹ̀, nítorí ó ní òun ò rí i nígbà tó ń da májèlé, ẹ̀sùn láìsí ẹ̀rí sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ó kọ́kọ́ lọ bá a nílé lẹ́yìn ìrun alàásárì. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un.

Ó ní, “Alájì, kí lẹ fi òkúǹbete mi ṣe?”

“Ohun tí mo sọ fún yín ni mo fi ṣe, Bàbá. Mo ní igún ni mo máa gbé e fún. Ṣé igún kọ́ ló jẹ ẹ́?”

“Ẹ fi májèlé sí i.”

“Bàbá, oúnjẹ ọmọ ènìyàn ni kò yẹ ká fi májèlé sí. Òkúǹbete kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ so àkísà pupa mọ́ ọn.”

“Ẹ ní sàrá ni.”

“Mo ti ṣe sàrá nínú èrè rẹ̀. Ẹ wo òrùlé mọ́sáláṣí.”

Bàbá Jìnádù ní, “Mo ṣe àdúà sí i, Alájì. Ẹ ṣe àmín.”

Alájì ní àdúà rere kì í ṣòfò. Ó sì ní kí wọ́n gbé omi tútù wá fún Bàbá.

Ẹ̀yin jàmáà, ẹ tún ọ̀rọ̀ Alájì gbọ́, kí ẹ sọ fún mi èwo ni irọ́ nínú rẹ̀. Ó ní igún ló máa jẹ ẹ́: igún ló jẹ ẹ́. Ó ní òkúǹbete kì í ṣe oúnjẹ wa: òótọ́ ni. Ó ní sàrá: páànù wà lórí mọ́sáláṣí, ó ń dán. Kò sí irọ́ kan níbẹ̀. Òótọ́ ló fi jalè. Irú èyí ni mo bẹ̀rù jù nínú àwa tí a kàwé kéwú, nítorí àwa la mọ ibi tí òfin pin sí, àwa la sì mọ bí a ṣe ń dúró sí etí rẹ̀ gan-an ká máa pa ohun tó wà lódìkejì. Òfin ní kí ìwọ má jẹ òkúǹbete. Ṣé ó sọ pé igún kò gbọdọ̀ rí i jẹ ni? Ṣé Ọlọ́hun tó kọ̀ ọ́ fún ọ kọ́ ló fi ṣe arísìkí fún un?

Bàbá Jìnádù kó ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Lémọ́mù. Wọ́n jókòó lé e lórí, àwọn àgbààgbà márùn-ún. Alájì kò sẹ́. Ó tún sọ gbogbo ohun tó sọ nílé, ó sọ ọ́ dáadáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ládàánì bi wọ́n pé ẹyẹ tó ń jẹ òkú, ta ló ń sunkún rẹ̀, ṣé wọ́n fẹ́ ṣe jànásà fún igún ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Lémọ́mù bẹ Bàbá Jìnádù, ó bẹ̀ ẹ́ gan-an, n kò ní sọ pé kò bẹ̀ ẹ́. Ó ní lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ òun máa kéde pé ọ̀rọ̀ ẹran yẹn, àṣìṣe ni, Bàbá Jìnádù kò mọ̀ nípa rẹ̀, kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Òun kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Òrùlé kò tíì parí. Bí Bàbá Jìnádù bá wá gbé e jáde síta, wọ́n ní àwọn ò lè bá a dá sí i mọ́, Múfútáù ni yóò máa dúńbú lọ. Bàbá Jìnádù ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rò ó.

Ó ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tí tírélà mìíràn dé. Màlúù méjì ti kú nínú rẹ̀. Múfútáù so àkísà pupa mọ́ ìwo wọn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, wọ́n wọ́ wọn lọ sórí àpáta. Kò sí ohun tó bà lé wọn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n wú. Lọ́jọ́ kẹta, ajá ìgboro dé, wọ́n ń bá ara wọn jà, wọ́n ń fa ìfun wọ àárín ilé. Eṣinṣin ń ti ibẹ̀ wá sórí ẹran tí wọ́n ń tà. Àwọn alápatà ń fi ọwọ́ kan ju ìrù màlúù láti lé eṣinṣin, wọ́n ń fi ọwọ́ kejì di imú.

Tírélà tó tún dé lẹ́yìn ìyẹn, màlúù kan ló kú. Bàbá Jìnádù wà níbẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, nítorí kò mọ ibòmíràn tí èèyàn ń lọ láàárọ̀. Ó rí i tí Múfútáù gun ọkọ̀. Ó rí i tó mú àkísà pupa jáde, tó wò ó, tó fi í padà sápò. Wọ́n wọ́ màlúù náà sílẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀bẹ fa ọrùn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò tú. Ó kàn ń sun díẹ̀díẹ̀.

Bàbá Jìnádù dìde. Ó ní, “Múfútáù, òkú nìyẹn.”

Múfútáù kò wo ojú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ibo lẹ fẹ́ ká gbé e sí? Ẹ fi igún kan hàn wá, ká gbé e fún un.”

Wọ́n tà á kó tó di ìrun àìlà. Àwọn tó sá fún ẹran Bàbá Jìnádù nítorí májèlé tí kò sí nínú rẹ̀ ni wọ́n rà á. Wọ́n sè é, wọ́n ṣe bìsìmílà, wọ́n jẹ ẹ́. Ìyá tó ní ọmọ nílé yẹn náà rà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin jàmáà mi, àdúà ni mo kàn. Ọlọ́hun Ọba, má ṣe jẹ́ ká di ẹni tó mọ ojú òfin tí kò mọ ojú Rẹ. Má ṣe jẹ́ ká fi sàrá bo ohun tí a jí. Ohun tí kò lè rojọ́ níwájú ọba, tí kò lè rojọ́ níwájú adájọ́, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Rẹ nìkan ni yóò ti sọ̀rọ̀ ní alìkìyámọ̀, jẹ́ kí ó rí nǹkan rere sọ nípa wa. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú wọn lórí ilẹ̀ yìí, dá a sí. Tọ́ wa sọ́nà, àwa tí a ń ṣe wáàsí ṣáájú àwọn tó ń gbọ́ ọ.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ mọ ohun tí Bàbá Jìnádù ṣe. Ní ọjọ́ Alámìísì, ọjọ́ kan kí Lémọ́mù tó kéde, ó lọ kí Lémọ́mù nílé láàárọ̀. Ó gbé ọ̀bẹ rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ kéde nǹkan kan. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí olú ìlú ìpínlẹ̀, ó béèrè ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó ẹranko ìgbẹ́ títí ó fi rí i. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó mú ìwé àti bíírò. Obìnrin náà kí i, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tó bá wá, ó sì bi í pé ta ló pa àwọn igún náà.

Bàbá Jìnádù ní, “Ẹ kọ orúkọ tèmi ṣáájú, ìyáàfin. Èmi ni mo gbé màlúù fún un, n kò sì béèrè ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ tán, màá sọ orúkọ tirẹ̀.”